Ọkùnrin Tí Ó Ń Yọ Wáyà Orí Bátìrì

Bàbá Ajíbóyè, àbúrò bàbá wa, ni ó kọ́kọ́ sọ àkàwé yìí nínú ilé wa. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1998 ni, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú pálọ̀ wa ní Ìlá. Iṣẹ́ rìwáyà ni Bàbá ń ṣe, ìyẹn àwọn tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Wọ́n ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Adéyọjú, ni ó pe ìpàdé náà. Ó fẹ́ kí ẹbí fọwọ́ sí i kí Ìbíwùmí, ìyàwó rẹ̀, padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òrò. Ó ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sí ìjà láàárín àwọn, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni obìnrin náà ti yí padà.

"Bí mo bá ní ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, kò ní gbà. Bí mo bá ní orí ń fọ́ mi, yóò kọ́kọ́ wò mí lójú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlá, ó lọ bi ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì tí a ti ń la pákó bóyá mo ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀! Èmi, akọ̀wé àgbà! Ọlọ́dẹ ti wá ń pè mí ní 'ọ̀gá tí ìyàwó wọn ń wá'."

Ìyá wa ṣí ẹnu, wọn kò lè pa á dé. "Ìbíwùmí! O lọ bi ọlọ́dẹ?"

Ìbíwùmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo bi í."

Gbogbo wa ń wo ara wa. Bàbá Ajíbóyè nìkan ni kò ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Wọ́n ní, "Adéyọjú, yí àga rẹ síbí. Ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa gbọ́." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo kọ síhìn-ín.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí tí ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́wọ́ obìnrin olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ fi ọkọ̀ náà máa kó èrò lọ sí Òṣogbo. Ọdún mẹ́fà ni olùkọ́ náà ti fi wà á. Lọ́jọ́ tí ó ń fi kọ́kọ́rọ́ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, iná rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu rí. Máa wà á jẹ́jẹ́."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀, bí ọkùnrin náà bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á dáhùn. Iná iwájú mọ́ rekete. Fèrè ń dún ketekete. Kò sí ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ọkàn ọkùnrin náà kò balẹ̀. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì ń bi í pé, "Ta ní ń ta ohun tí ó dára? Bí ọkọ̀ yẹn bá pé, kí ló dé tí ìyá náà kò fi fún ọmọ rẹ̀?" Wọ́n ní kí ó dán an wò kí ó tó gbójú lé e.

Ìdánwò kan wà tí gbogbo gáréèjì mọ̀. A ó tan ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, a ó fi sípánà yọ wáyà kan kúrò lórí bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, wọ́n á ní ọ́tánétọ̀ ti bàjẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi iná sínú bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ó yege. Àgbà ń ṣe é, ọ̀dọ́ ń ṣe é.

Ọkùnrin náà yọ wáyà. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dá wáyà padà, inú rẹ̀ sì dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, iyèméjì tún dé. Ó rò ó pé bóyá lánàá ló yege, bóyá tòní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún yọ wáyà. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Bí ó ṣe di àṣà rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí èrò tó wọlé, yóò ṣí iwájú ọkọ̀, yóò yọ wáyà, yóò dẹ etí, yóò dá a padà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe àwàdà. Wọ́n ní, "Dókítà ti dé, ó fẹ́ yọ ọkàn aláìsàn kó tó fún un ní oúnjẹ àárọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìkùukùu bolẹ̀, ó ti tan iná iwájú. Bí ó ṣe yọ wáyà báyìí, iná méjèèjì kọ yànràn bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ, ó sì rọlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò kú. Ọkùnrin náà ní, "Ó yege!" Ó kó èrò, ó lọ.

Ọjọ́ kẹta sí i, gílóòbù iná iwájú kan jó. Ó rà á. Èkejì jó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, omi inú rẹ̀ gbẹ, kò sì lè gbé ọkọ̀ mọ́. Ó ra tuntun. Ìyẹn kò lò ju oṣù kan lọ. Ó ra ẹ̀kẹta, èyí tí ó tóbi jù, èyí tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ àjàgbé. Ìyẹn náà wú ní ìhà méjèèjì bí ikùn ẹni tí ó mu omi yó. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò ṣíwọ́ ìdánwò rẹ̀. Ó ń yọ wáyà, ẹ́ńjìnnì kò kú, ó sì ń sọ pé ọ́tánétọ̀ dára, pé ọkọ̀ náà ni ó ní àrùn láti ilé ẹni tí ó tà á.

Ó wá gba ilé olùkọ́ náà lọ. Ọjọ́rú ni. Àwọn ìyá ìjọ ń ṣe ìpàdé wọn lọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ìyá Olùkọ́, òkú ọkọ̀ ni ẹ tà fún mi! Ẹ ti kùn ún ní àtíkè kí n má baà mọ̀."

Ìyá kan nínú wọn dìde. "Ìwọ yìí, ṣé ojú ń dùn ọ́ nígbà tí ò ń rà á ni? Oṣù mélòó lo fi gùn ún kó tó kú?"

Olùkọ́ náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ nílùú yìí. Kò sí ẹni tí ó pè mí ní onírẹ́jẹ rí."

Ọkùnrin náà ní, "Èmi ti pè yín. Lọ́jọ́ Àìkú, níwájú àwọn alàgbà, ẹ ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ẹ ó sì sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí."

Ó jáde. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, olùkọ́ náà kò jẹun kánú mọ́. Ẹni tí ó ti fi orúkọ rere darúgbó, wọ́n fẹ́ bọ́ orúkọ náà lára rẹ̀ láàárín ìjọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà wa ọkọ̀ lọ bá rìwáyà àgbà kan. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ó tún un ṣe. Ẹlẹ́rìí ni ó ń wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo bátìrì yìí. Ẹ̀kẹta rèé. Ẹ bá mi sọ fún àwọn alàgbà lọ́jọ́ Àìkú pé ọkọ̀ yìí kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀."

Rìwáyà kò ṣí iwájú ọkọ̀. Ó ní, "Nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ má bi mí ní ìtàn. Bátìrì ni kí ẹ wò."

"Bátìrì kò lẹ́nu. Ìwọ ni o lẹ́nu. Nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?"

Ọkùnrin náà ní oṣù kẹta tí òun ti rà á ni.

"Oṣù méjì ṣáájú ńkọ́? Kí ni ó ń ṣe é?"

"Kò sí nǹkan tí ó ń ṣe é."

Rìwáyà mi orí. Ó gbé mítà rẹ̀ jáde, èyí tí a fi ń mọ bí iná ṣe pọ̀ tó. Ó fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tí ì ṣiṣẹ́. Mítà kọ méjìlá àti díẹ̀. Ó ní, "Èyí kò burú. Tan ọkọ̀." Ọkùnrin náà tan án. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá. Rìwáyà ní, "Ibí yìí ni ó yẹ kí ó dúró sí." Kò dúró. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún. "Tẹ iná díẹ̀." Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́, ẹ́ńjìnnì sì pariwo sí i. Mítà kọ méjìdínlógún.

"Pa á! Mo ní pa á!"

Ọkùnrin náà pa á, ó sáré sọ̀kalẹ̀. "Kí ni ẹ rí? Ṣé iná kò tó ni?"

Rìwáyà ní, "Iná kò tó kẹ̀? Ó pọ̀ jù ni. Gbogbo ìgbà tí ò ń rò pé ebi ń pa bátìrì rẹ kú, àjẹjù ni ó ń pa á. O ń rọ oúnjẹ sí ẹni tí ó ti yó lẹ́nu títí ikùn rẹ̀ fi bẹ́. O wá gbé òmíràn wá, o tún ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu."

Ó tú ọ́tánétọ̀ sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ohun kékeré kan wà tí a ń pè ní régúlétọ̀. Kò ju àtàǹpàkò ènìyàn méjì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: òun ni ó ń sọ fún ọ́tánétọ̀ pé ó tó. Rìwáyà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ti jó dúdú.

Ó wá béèrè pé, "Ta ní ń yọ wáyà orí bátìrì ọkọ̀ yìí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́?"

Ọkùnrin náà gbé àyà sókè. "Èmi ni. Mi ò kì í jáfara. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń dán an wò. Kò kùnà rí."

Rìwáyà jókòó sórí táyà kan. "Ọmọ mi, bí omi bá ń ya wọ inú àmù, tí o yọ àmù kúrò lójijì, níbo ni omi yóò gbà? Bátìrì ni àmù. Òun ni iná ọkọ̀ ń sùn lé. Lọ́jọ́ tí o bá yọ ọ́ lójijì, iná náà yóò fò sókè, yóò lu ohun tí ó bá wà nítòsí. Ó lè lù ú lẹ́ẹ̀kan kí ó má kú. Ó lè lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé o rí ìgbà kan tí iná iwájú kọ yànràn?"

Ọkùnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó di ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ mú.

"Ọjọ́ yẹn ni ohun tí ń sọ pé ó tó kú. Ìwọ sì sọ pé ó yege."

"Bàbá, ṣé ẹ ní èmi... Èmi ni mo..."

"Ọkọ̀ tí obìnrin yẹn tà fún ọ kò ní àrùn. Ìdánwò rẹ ni àrùn rẹ̀."

Wọ́n ní rìwáyà náà fúnra rẹ̀ kò tètè dìde lórí táyà yẹn. Ó ń wo régúlétọ̀ jíjó náà, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ọkọ̀ mélòó ni èmi náà ti yọ wáyà rẹ̀ nígbà èwe mi, tí mo sì fún olówó rẹ̀ lọ́wọ́ pé ó yege?"

Ọkùnrin náà kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé olùkọ́ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà, níṣojú àwọn tí ń kọjá. Ó sọ ohun tí ó ṣe, kò fi ọ̀kan pamọ́. Olùkọ́ náà wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọkọ̀ ni o dán wò, èmi ni o bú."

Ibẹ̀ ni Bàbá Ajíbóyè parí àkàwé náà. Adéyọjú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dùn lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n ti Ìbíwùmí ni a ń sọ."

Bàbá ní, "Tirẹ̀ ni mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Adéyọjú, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ta ni ó wọlé tọ ìyàwó rẹ̀, tí ó ní wọ́n ti dá òun dúró níbi iṣẹ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Adéyọjú.

"Ta ni ó ní kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìtìjú? Ta ni ó ń jáde láràárọ̀ bí ẹni tí ń wáṣẹ́ kiri, tí ó sì ń lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní sọ́míìlì?"

Ìyá wa ní, "Wọn ò dá a dúró? Ìgbà wo ni wọ́n dá a dúró? Kí ni ẹ̀ ń sọ?"

"Wọn ò dá a dúró. Ó ń dán ìyàwó rẹ̀ wò ni. Ọ̀sẹ̀ méje! Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní a kì í mọ obìnrin àfi lọ́jọ́ ìṣòro, òun náà sì fẹ́ mọ̀. Ìbíwùmí ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ilé lè jẹun. Ó ń bu ẹran sí i láwo, ó ń fi omi ọbẹ̀ jẹ tirẹ̀. Ọkùnrin yìí jókòó, ó jẹ ẹ́."

Ìyá wa dìde, wọ́n tún jókòó. "Ẹ̀rọ yẹn! Ó sọ fún mi pé ó bàjẹ́ ni! Ó sọ fún mi..." Wọ́n yíjú sí Ìbíwùmí. Ìbíwùmí ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ Àjíǹde ni àṣírí tú," Bàbá Ajíbóyè ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ gbé ẹran ọdún tí sọ́míìlì pín fún òṣìṣẹ́ wá sílé, ó ní o gbàgbé tìrẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi nígbà tí mò ń tún iná ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, mo sì bi Ìbíwùmí léèrè ìyókù. Ó ní òun ò tí ì bọ́ nínú ìyàlẹ́nu ọjọ́ náà. Ó ní Ìbíwùmí ń wò ọ́, àwo ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀, o sì ń rẹ́rìn-ín. O ní, 'Mo kàn ń dán ọ wò ni. O yege.' Ṣé irọ́ ni?"

Adéyọjú tẹ orí ba. Òógùn bo imú rẹ̀.

"Kí o tó dán an wò, kí ni ó ṣe é?"

Adéyọjú wo ìyàwó rẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Kò sí, Bàbá. Kò sí ohun tí ó ṣe é."

"Ó ń bi ọlọ́dẹ ní ohun tí kò yẹ kí aya bi ọlọ́dẹ. Òótọ́ ni. Ó pọ̀ jù. Òun náà mọ̀ pé ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ènìyàn tí ń sọ fún un pé, 'Ọkọ rẹ ni, gbà á gbọ́, ó tó báyẹn,' ìwọ ni o jó o. O jó o tán, o wá pe ẹbí jọ kí a bá ọ dá a padà sí Òrò, bí ẹni pé bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn. Kí ni ìwọ yóò sọ fún bàbá rẹ̀?

"Régúlétọ̀ wà lọ́jà. Ti ènìyàn kò sí níbi tí a ti ń rà á. Nítorí náà, gbọ́ ohun tí ìwọ yóò ṣe. Bí o bá máa pẹ́, sọ fún un kí o tó jáde. Bí ó bá bi ọ́ léèrè, dá a lóhùn, má fajú ro. Bí ó bá wọkọ̀ lọ bi ọlọ́dẹ, kí ọlọ́dẹ gbé àga fún un. Má bi í pé ìgbà wo ni yóò tó. Má sì dán an wò láé láti mọ̀ bóyá ó ti tó."

Ìgbà náà ni Ìbíwùmí sọ̀rọ̀. "Bàbá, mi ò mọ̀ bóyá yóò tó láyé mi."

Bàbá ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Òun ni mò ń bá wí."

Adéyọjú kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ìbíwùmí kò ní kí ó dìde. Ìyá wa ni wọ́n pàpà ní kí ó dìde.

Ìbíwùmí kò lọ sí Òrò. Ó tún lọ bi ọlọ́dẹ nígbà mẹ́ta sí i: lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kẹrin, lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù Kẹfà. Adéyọjú kò bá a jà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, igi ńlá wó dí ọ̀nà Òkè-Ìlá, Adéyọjú sì pẹ́ kọjá wákàtí méjì kí ó tó dé. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé igi ni ó wó. Ìbíwùmí ní, "Ẹ kú ewu. Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì." Kò bi awakọ̀ kankan léèrè ní ọjọ́ kejì, kò sì lọ sí ẹnu ọ̀nà láti wo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi, ó ní ó ya òun lẹ́nu. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 1998 ni igi náà wó.